Súkúrúù yẹ́lò tí mo rà lọ́jà Dei-Dei: ó tó owó ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì l'Abuja níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí káfíńtà fi súkúrúù dúdú yẹn dè é fún yín o. Mo ti lo dúdú, mo ti lo ìṣó lásán, àmọ́ yẹ́lò yìí, tí wọ́n ń pè ní chipboard screw, òun ni mo fara mọ́.

Plasterboard ti síìlìn ni wọ́n dìídì ṣe dúdú fún. Irin ẹ̀ le lóòótọ́, àmọ́ kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń dá. Bẹ́ẹ̀dì tí mo ní tẹ́lẹ̀ ní Kubwa, òun ni wọ́n fi dè é, àwọn ọmọ kàn gun orí ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ni igi ẹ̀gbẹ́ bá já bọ́, nígbà tá a wò ó igi ò ṣe nǹkankan, orí súkúrúù ló já dànù tí ìyókù há sínú pákó. Inú bí mi gan-an.

Ti ìṣó, mi ò kóyán ẹ̀ kéré. Fún igi òrùlé, ìṣó ni kẹ́ ẹ lò, torí ó máa ń tẹ̀ kó tó dá. Àmọ́ lára bẹ́ẹ̀dì, tí ọyẹ́ bá dé, tí igi tí ò tíì gbẹ dáadáa bá sún kì, ìṣó á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bẹ́ẹ̀dì á máa dún ní gbogbo òru. Yẹ́lò, ẹ kàn máa fún un padà ni.

Eyín ẹ̀ jìn, ó ń di igi mú. Tó bá jẹ́ apá tàbí ìrókò, ẹ fi díríìlì lu ihò ná, bíìtì 3mm fún súkúrúù 4mm, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ ra súkúrúù lẹ́nu. Èyí tí ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í ṣe rèé o: kí ihò pákó òkè fẹ̀ tó súkúrúù fúnra ẹ̀, kó lè kọjá fàlàlà, kí eyín ẹ̀ mú pákó ìsàlẹ̀ nìkan, ìgbà yẹn ni méjèèjì á wọra wọn pinpin. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àlàfo á wà láàárín wọn, ẹ̀ẹ́ yí i títí ni.

Zinc ni wọ́n fi bò ó, inú ilé ló dáa fún, tójò bá ń pa á á dípẹtà. Ẹ wo orí ẹ̀ náà dáadáa, ìlà wẹ́wẹ́ wà láàárín sítáà tí wọ́n gbẹ́ sórí ẹ̀, bíìtì PZ2 tí wọ́n fi ń yí súkúrúù ló bá èyí tí mo rà mu, PH2 tó wọ́pọ̀ máa ń yọ̀ nínú ẹ̀ títí orí á fi jẹ, ẹ ra PZ2 mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.