Rọ́bà onígóòmù tí mo fi dí ọ̀nà ọyẹ́ nínú bọ́ọ̀sì mi

Rọ́bà dúdú onígóòmù tí wọ́n ń tà ní róòlù lọ́dọ̀ àwọn alátajà èlò ọkọ̀ ní Àkúrẹ́ dára. Mo máa tún un rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo etí ilẹ̀kùn kí ẹ sì lọ sùn, ẹni yẹn kò tíì sun inú ọkọ̀ lóṣù Kejìlá rí.

Fídíò ni mo ń yà, ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Hiace àtijọ́ lèmi àti ọmọ iṣẹ́ mi fi ń rìn. A yọ ìjókòó ẹ̀yìn, a kan pákó, a tẹ́ fóòmù lé e, torí bí àìsùn ìyá olóyè bá parí ní Ìkàrẹ́ lóru, ta ló fẹ́ máa wakọ̀ bọ̀ ní Àkúrẹ́ nínú òkùnkùn? Inú ọkọ̀ là ń sùn sí. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá ni atẹ́gùn tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì le lágbègbè olókè bíi Àkókó àti Ìdànrè. Bí otútù rẹ̀ ṣe ń mú wa ni eruku rẹ̀ ń wọnú kámẹ́rà.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, fèrèsé yìí ni o." Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń rò nìyẹn, torí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la ń gbé orí sí. Mo ní ká kọ́kọ́ wá ihò náà rí kí n tó náwó.

Kọ́ìlì ẹ̀fọn la fi bẹ̀rẹ̀. A páàkì síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, a ti gbogbo ilẹ̀kùn, mo tan kọ́ìlì, mo ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ létí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Níbi tí kò bá sí ihò, èéfín á gòkè tààrà. Níbi tí atẹ́gùn bá ń gbà wọlé, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó tú ká. Ní fèrèsé, ó mì díẹ̀ ni. Ìgbà tí mo gbé e dé igun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, èéfín náà dùbúlẹ̀ gbalaja, ó sì kọrí sójú mi.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù, ọgbọ́n fọkanáísà ni. Ẹ ṣí iná ọkọ̀, ẹ tan fáànù rẹ̀ dé òpin, ẹ yí i sí èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ẹ ti gbogbo gíláàsì. Afẹ́fẹ́ á kún inú ọkọ̀, á máa wá ibi tó máa gbà jáde. Kí ẹnì kan fi kànìnkànìn pa omi ọṣẹ sétí ilẹ̀kùn láti ìta. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní ihò tí wọ́n dìídì ṣe sí ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde, ìdérí rọ́bà pẹlẹbẹ máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ náà á hó. Ẹ má dí i. Bákan náà ni ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn: omi òjò ló ń gbabẹ̀ jáde, bí ẹ bá dí i, ìpẹtà ni ẹ ń pè.

Ibi méjì la bá. Rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, débi pé mo fi owó bébà há a, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fa owó náà jáde láìsí wàhálà. Èkejì ni ihò tí wáyà iná nọ́ńbà gbà kọjá: rọ́bà tó yẹ kó yí wáyà ká kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju fèrèsé lọ, torí bí ọkọ̀ bá ń sáré, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fa eruku àti èéfín sálẹ́ńsà wọlé. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani lójú oorun.

Ó wá kan rọ́bà tí mo rà. Bí ẹ bá gé e, ẹ máa rí i pé ẹnu rẹ̀ rí bíi lẹ́tà D, P tàbí E. E ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, P tẹ̀ lé e, D ló sanra jù. P ni mo lò sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo sì fi D sí igun tó ti jìn. Ẹ má fi D sí ilẹ̀kùn tí à ń fà ṣí o! Ẹ máa fi agbára gbá a títí apá yín á fi ro yín, kò sì ní wọlé tán.

Bàbá páńẹ́lì bítà kan lọ́nà Oǹdó ló dúró tì wá nígbà tí a ń lẹ̀ ẹ́. A ti fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, a ti fi súpíríìtì nù ún kí ọ̀rá kúrò. Mo ń na rọ́bà náà kó lè gún, ni bàbá bá ní, "Má fà á o, ọmọ mi. Bí o bá fà á, á sún padà, àlàfo á tún ṣí." Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá." A tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láì fà á, a sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu títí di ìrọ̀lẹ́ kí góòmù lè mú.

Alẹ́ tí a tún lọ sùn ní Ìdànrè, kọ́ìlì jó láì mì létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Aṣọ dúdú tí mo fi bo àpótí kámẹ́rà ṣì dúdú nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Àléébù rẹ̀ ni góòmù ẹ̀yìn rẹ̀. Oòrùn Àkúrẹ́ ń yọ́ ọ. Ìgbà tí òjò sì bẹ̀rẹ̀, orí méjèèjì ṣí kúrò. Góòmù àwọn oníbàtà ni mo fi tún un lẹ̀, kò sì tíì ṣí láti ìgbà náà. Nítorí èyí, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Fún gíláàsì tí à ń fà ṣí, òdo ni: gíláàsì á ha á kúrò. Rọ́bà onírun tó wà nínú ojú ọ̀nà gíláàsì ni kí ẹ pààrọ̀, tòkúńbọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Kò sì ní gba yín lọ́wọ́ otútù tí irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń fà. Páálí nípọn lábẹ́ fóòmù ló ràn wá lọ́wọ́ lórí ìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà tí alátajà kò ní sọ fún yín: bí ọkọ̀ bá ti dí dáadáa, èémí ẹni méjì á di omi lára gíláàsì kílẹ̀ tó mọ́. A máa ń ṣí gíláàsì iwájú díẹ̀, ní ìhà tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ wá. Sítóòfù gáàsì kì í sì í wọnú ọkọ̀ wa rárá, ìta la ti ń se indomie.

Owó róòlù kan kò tó owó yàrá òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ ọjọ́ kan. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alátajà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó sanwó. Bó bá tún ga padà kíá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́bà gidi. Bí ojú ìka yín bá ṣì wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fóòmù lásán ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.