Okùn àtọwọ́dá tí wọ́n fi tún fáàfù ọkàn mi ṣe

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Owó ló jẹ́ ẹyọ kan tó kù, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Okùn tín-ín-rín tó di ewé fáàfù mitral mú ló já nínú ọkàn mi; fáàfù yìí ni ilẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn, ewé rẹ̀ ló sì ń ṣí tó ń pa dé. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lọ síwájú wá ń ṣẹ́rí padà síhà ẹ̀dọ̀fóró. Kí n tó ti ọjà Kabba délé, mo ti jókòó lójú ọ̀nà. Ìrọ̀rí tí mo tò léra ni mo fi ń sùn, àwọn ará ilé sì ń pè é ní ikọ́ fée.

Dókítà tó kọ́kọ́ rí mi l'Ábújá ní kí wọ́n yọ fáàfù náà, kí wọ́n fi onírin rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn ni pé kí n máa lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí ọjọ́ ayé, kí n sì máa ṣe INR déédéé, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì tó. Ẹni tó ń ti Kabba wọkọ̀ lọ Lọ́kọ́ja láàárín tírélà sìmẹ́ńtì Obajana á mọ ìdí tí n kò fi gbà.

Ní Chennai, ní Íńdíà, oníṣẹ́ abẹ ní òun á tún un ṣe. Ó fún mi ní okùn náà kí n fọwọ́ kàn án: funfun, ó rọ̀, ó ń yọ̀. Òwú ePTFE ni, irú ike kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Gore-Tex. Wọ́n ti ń lò ó fún fáàfù ọkàn láti àwọn ọdún 1980. Wọ́n á rán ìdí rẹ̀ mọ́ iṣan inú ọkàn, wọ́n á rán orí rẹ̀ mọ́ etí ewé fáàfù. Gígùn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà: bó bá gùn jù, ewé á ṣì máa ré kọjá, bó bá kúrú jù, kò ní í pàdé èkejì rẹ̀. Wọ́n tún fi òrùka yí ẹnu fáàfù ká, wọ́n fi omi iyọ̀ dán an wò bóyá ó ń jò. Nígbà tí ọkàn tún ń lù, wọ́n fi ẹ́kò (ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn) tó gba ọ̀nà ọ̀fun yẹ̀ ẹ́ wò.

Owó tí wọ́n dá fún wa ká tó kúrò nílé kọ́ la san o. Òrùka ní owó tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú.

Ìrora ńkọ́? Bí ikọ́ bá gbé mi, màá gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà. Egungun àyà tí wọ́n là ń fẹ́ oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó san, nítorí náà ìyá ọkọ mi ló ń gún iyán fún mi jẹ, tó sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo fáàfù ni èyí wà fún. Bó bá jẹ́ ibà làkúrègbé ìgbà èwe ló bà á jẹ́, tí ewé ti le, tí okùn ti sún kì, okùn tuntun nìkan kì í sábà tó. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ bóyá títúnṣe ni iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni mo fi lo warfarin, wọ́n sì dá a dúró. Ẹ́kò ọdọọdún ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ yọ eyín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà eyín pé ẹ ní okùn àti òrùka nínú ọkàn, kó lè fún yín ní oògùn apakòkòrò kó tó fọwọ́ kan ẹnu yín.