Lab tó ń fi enzyme gé DNA ní Yábàá, mo fún wọn ní 4 nínú 5

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ jẹ́nótáìpù yín kẹ́ ẹ tó lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ẹ gbọ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ni mo mú lọ síbẹ̀, kò jìnnà sí Tejúoṣó. Ọ̀kadà ló gbá a, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ọmọ tó sì fẹ́ gbé níyàwó, AS ni. Téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀, electrophoresis, tẹ́ẹ̀sì jẹ́nótáìpù tí gbogbo lab ń ṣe, lè lọ ka ti ẹni tó fún un lẹ́jẹ̀, torí hemoglobin, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn nínú red cell, ló ń wò, red cell sì lè lò tó 120 ọjọ́ lára. Ti àwọn wọ̀nyí, òwú ni wọ́n fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, DNA tiẹ̀ gan-an ni wọ́n wò.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi PCR sọ ibi tí wọ́n ń wá nínú jíìnì hemoglobin di púpọ̀, wọ́n á wá da enzyme kan tó ń jẹ́ DdeI sí i, ara bakitéríà ni wọ́n ti rí i. Bí àlùmọ́gàjí ló rí, àmọ́ ibi tó bá ti rí lẹ́tà DNA márùn-ún yìí, CTNAG, nìkan ló ń gé, N yẹn lè jẹ́ lẹ́tà èyíkéyìí. Tó bá jẹ́ A ti jẹ́nótáìpù, CTGAG ló wà níbẹ̀, á gé e. Tó bá jẹ́ S, ó ti di CTGTG, kò ní fọwọ́ kàn án. Bọ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi fọ́tò gel, ohun bíi jẹ́lì tí wọ́n fi ń ya DNA tí wọ́n gé sọ́tọ̀, hàn wá: ti AS tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ní èyí tó gé àti èyí tí ò gé, ti àbúrò mi gé pátápátá.

Inú mi ti ń dùn, ló bá ní ká ṣì dúró ná. Jẹ́nótáìpù C di CTAAG níbẹ̀, enzyme yẹn á gé òun náà bí ẹni ń gé A! Àwa Yorùbá sì rèé, C ò wọ́n láàárín wa rárá, AC tó bá fẹ́ AS lè bí SC, oríṣi àrùn sickle cell kan. Wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì míì tó ń wá C, AA ni lóòótọ́.

Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò kọ ọ̀rọ̀ C yẹn sórí fọ́ọ̀mù, wọn ò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, tó bá jẹ́ ẹlòmíì la bá níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Rísọ́ọ̀tì náà pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ, owó ẹ̀ sì ju ti electrophoresis lọ dáadáa. Ẹni tí ò bá tíì gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́ yìí, electrophoresis níbi tí wọ́n ti mọṣẹ́ á ṣe é, òun náà ń fi C hàn.