Lọ́yà tó kọ́kọ́ bèèrè ìwé ìgbélùú kó tó bèèrè ẹjọ́

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún ọ́fíìsì yìí.

Wọ́n mú àbúrò mi ọkùnrin ní Houston níbí, wọ́n ní ó gbé ọjà jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìsanwó, owó ọjà náà sì lé ní 750 dọ́là, Class A nìyẹn ní Texas, ìpele tó ga jù nínú àwọn ẹ̀sùn kéékèèké, wọ́n lè fèèyàn sẹ́wọ̀n ọdún kan lórí ẹ̀. Gíríìn káàdì ló ní, kò sì tíì pé ọdún márùn-ún tó wọlé. Lọ́yà tá a kọ́kọ́ gbà ní kó ṣáà gbà pé òun jẹ̀bi, kó gba deferred adjudication, ìyẹn ni pé adájọ́ á dá ìdájọ́ dúró ná, tó bá ti ṣe probation tán, ìyẹn àkókò tí wọ́n á fi máa ṣọ́ ìwà ẹ̀, wọ́n á da ẹjọ́ náà nù. Inú wa ti ń dùn o, Mọ́mì wa n'Íbàdàn ti ń dúpẹ́.

Lọ́yà obìnrin tí mò ń sọ yìí, tá a lọ bá lẹ́yìn ìyẹn, ò tiẹ̀ tíì bi í bóyá ó jí nǹkan kankan, ìwé wo ló wà lọ́wọ́ ẹ, ìgbà wo lo wọlé, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Ó wá jókòó ṣàlàyé fún wa pé lóòótọ́ Texas ò ní kà á sí pé wọ́n dá a lẹ́bi, àmọ́ lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n, tó o bá ti fẹnu ara ẹ gbà pé o jẹ̀bi tí adájọ́ sì fi probation lé ẹ lórí, ẹ̀bi ni, olè jíjà láàárín ọdún márùn-ún sì tó kí wọ́n dípọ́ọ̀tì ẹ. Ara mi gbọ̀n.

Kì í sì í ṣe pé ó ṣe wá lóore o, ẹ̀tọ́ wa ni! Látọdún 2010 ni Supreme Court, ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Padilla v. Kentucky pé dandan ni kí lọ́yà sọ ewu dípọ́ọ̀tì fún oníbàárà tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà kó tó gbà pé òun jẹ̀bi. Padilla yẹn ti lé lógójì ọdún níbí, ó jagun Vietnam fún wọn, lọ́yà ẹ̀ wá ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu nítorí dípọ́ọ̀tì torí ó ti pẹ́ nílùú, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà wa yìí bá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fà á títí wọ́n fi gbé àbúrò mi sí pretrial diversion, ètò tí wọ́n fi ń da ẹjọ́ nù téèyàn bá ti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, kò sọ pé òun jẹ̀bi rárá, wọ́n sì ti da ẹjọ́ náà nù. Ó tún kọ gbogbo ìmọ̀ràn ẹ̀ sínú lẹ́tà fún wa.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, fóònù wọn ni, ẹ máa pè títí kí wọ́n tó gbé e, owó wọn náà sì ga. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú gíríìn káàdì àti ìwé ẹ̀sùn dání, ẹ má fọwọ́ sí nǹkankan ní kóòtù kẹ́ ẹ tó rí lọ́yà yìí.