Àjẹsára ni, àbí asíìdì? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ gbógun ti Salmonella lára adìẹ ẹlẹ́yin

Kò sẹ́ni tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde tí kò mọ ohun tí Salmonella, kòkòrò àìrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ń fojú ẹni tó jẹ ẹyin tútù rí. Èwo ni kẹ́ ẹ náwó lé lórí, àjẹsára ni àbí asíìdì tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ àti omi adìẹ? Mo ti ra méjèèjì.

Tó bá jẹ́ ti agbára, àjẹsára ló wà níwájú. Salmonella Enteritidis lè wọ ilé ẹyin lára adìẹ, kó ti wà nínú ẹyin kí èèpo tó bò ó; ẹ̀ báà fi ọṣẹ fọ èèpo, asán ni. Àjẹsára ń kọ́ ara adìẹ láti bá a jà. Asíìdì ní tirẹ̀, fọ́míìkì tàbí própíọ́níìkì, kò kọjá oúnjẹ, omi àti ìfun. Owó: ìgbà díẹ̀ lẹ ó san ti àjẹsára kí wọ́n tó máa yé, ti asíìdì ò dáwọ́ dúró. Eku: méjèèjì ò lé e, òun ló sì ń kó kòkòrò náà padà wọlé. Campylobacter, kòkòrò mìíràn tó ń ti ara adìẹ dé ara èèyàn: kò tíì sí àjẹsára rẹ̀ lọ́jà fún adìẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òtútù. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́ẹ́síọ́ọ̀sì ni àjẹsára gbọ́dọ̀ wà látìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Èyí tí kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè, tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu adìẹ, ooru ń pa á. Abẹ́rẹ́ olóròóró, èyí tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, tó bá dì bíi yìnyín, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ta tèmi yọ ọ́ nínú fírìjì tí iná inú rẹ̀ ò tàn, ó fi píọ́ wọ́tà tó ti yọ́ tì í nínú náílọ̀n dúdú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà tètè délé." Ìyẹ̀fun funfun tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò ò yàtọ̀, ojú lásán kì í mọ òkú rẹ̀ yàtọ̀ sí alààyè. Àwọn adìẹ ò ṣàìsàn, wọ́n ń yé. Àfìgbà tí oníbàárà kan gbé ẹyin lọ sí láàbù, tó dá gbogbo kíréètì padà. Mo lọ bá ẹni tó tà á, ó ní kílóríìnì inú omi mi ló pa á. Omi kànga ni mò ń lò!

Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ gbé kúlà tiyín lọ, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kan inú fírìjì náà. Olóròóró tí omi àti òróró rẹ̀ ti pínyà, ẹ má gbà á. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ lẹ fẹ́ fi po èyí tó wà láàyè, ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá sí i, torí òótọ́ ni pé kílóríìnì ń pa á. Àǹtíbáyọ́tíìkì náà ń pa á.

Asíìdì ò béèrè fírìjì. Ó ń jẹ irin lóòótọ́, tó bá sì pọ̀ jù, adìẹ ò ní mu omi náà. Ẹ fi ike pò ó.

Ẹni tó ní fírìjì sólà, tí dókítà ẹran rẹ̀ sì ń gbé kúlà wá, kó ra àjẹsára, ó dáa gan-an. Ẹni tí iná ń ṣe bó ṣe ń ṣe wá ní Ìpẹrù, kẹ́gì asíìdì kan ni kó kọ́kọ́ rà, kó sì wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kó tó sanwó.