Àgbéyẹ̀wò ètò PGDE tí mo ṣe: ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ kíláàsì

Fáìlì mi ni wọ́n kì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ fáànù kí fáànù náà má baà máa mì. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí nípa PGDE nìyẹn, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí ìmọ̀ ìkọ́ni tí ẹni tó ti gboyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ mìíràn máa ń gbà.

Ìmọ̀ kẹ́mísìrì ni mo fi gboyè àkọ́kọ́. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 wá fún wa ní gbèdéke pé olùkọ́ tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, yóò wábi gbà, PGDE ló kù fún èmi tí n kò ní NCE (ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni) tàbí oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Mo yan ètò òpin ọ̀sẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ.

Lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, ìwé èsì nìkan ni mo ń wá, nítorí òun ni mo fẹ́ fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò TRCN ní ìsọ̀rí C, níbi tí wọ́n ń to àwa tí a ní oyè àkọ́kọ́ pẹ̀lú PGDE sí. Ìsọ̀rí D ni ti àwọn oní-NCE. Ọwọ́ obìnrin kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Mọ́mì Rẹ́kọ́ọ̀dì ni ìwé náà wà. Mo kí i, mo kúnlẹ̀, kò gbójú sókè lára ẹ̀pà tó ń bó. “Ọ̀gá ò tíì fọwọ́ sí i. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Nígbà tí mo padà dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò sí. Nígbà tí mo tún dé, ó ní orúkọ mi kò sí láàárín àwọn tó ṣe ìdánwò, ó sì bi mí léèrè pé: “Ṣé ó dá yín lójú pé ibí yìí lẹ ti kàwé?” Mo fi fọ́tò èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ìfilọ̀ wọn hàn án, ó wò ó, ó ní fọ́tò kì í ṣe fáìlì.

Bàbá kan tó ń gbé lẹ́tà kiri ọ́fíìsì ló bá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ fáànù sókè, tó sì fa fáìlì aláwọ̀ ewé kan yọ, tí nọ́ńbà mi hàn gàdàgbà lára rẹ̀. “Ṣé kì í ṣe èyí nìyí, ọmọ mi?” Mọ́mì kò tọrọ àforíjì. Ohun tó wí ni pé kí n bá òun wá nǹkan mìíràn tí òun yóò fi sábẹ́ fáànù. Kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí ìwé náà, TRCN ti pa ìforúkọsílẹ̀ dé, mo sì ní láti dúró de ìdánwò tó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n n kò lè fi ìbínú bo ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa kan, dókítà nínú ìmọ̀ ìwé, tó wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni nígbà ìdánrawò ìkọ́ni mọ́lẹ̀. Bí a ṣe ń ya iyọ̀ kúrò lára yanrìn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà tó wọlé láìròtẹ́lẹ̀, tó sì lọ fún ara rẹ̀ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láàárín wọn. Kò wo bàtà mi, kò sì yẹ táì mi wò bí àwọn kan ti ń ṣe. Ó ya àwòrán bẹ́ǹṣì gbogbo sórí ìwé kan, ó sì ń fi àmì sí ibi tí ìbéèrè mi kọ̀ọ̀kan bá bọ́ sí. Nígbà tí a jáde, ó na ìwé náà sí mi: àmì kún ọ̀dọ̀ fèrèsé, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. “Olùkọ́, àwọn wọ̀nyí kò wá sílé-ìwé lónìí lójú tiyín.” Ó ní kí n gbé ife, omi àti ìwé asẹ́ fún wọn ní kíláàsì tó kàn. Ọmọbìnrin kan tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ló ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé iyọ̀ ti yòrò, ìdí nìyẹn tó fi bá omi kọjá, tí yanrìn sì dúró sókè. Títí di òní, mo ṣì ń ya àwòrán yẹn.

Àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yòókù kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ẹ̀dà ni olùkọ́ kan ń tà fún wa dípò kí ó wá kọ́ wa. Ẹni tí ọ̀nà jìn sí lè wo ti NTI, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn olùkọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kaduna ní 1976, nítorí ẹ̀kọ́ láti òkèèrè ni iṣẹ́ wọn.

Mo fún ètò náà ní 4 nínú 5, mo sì ti rán ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì lọ gba fọ́ọ̀mù níbẹ̀.