Smartwatch fún ẹni tí kò ríran: èyí tó ń sọ̀rọ̀ sára ọwọ́ ló tọ́ sí owó yín

Etí ni ojú afọ́jú nígboro. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn gbogbo áàpù orí smartwatch: ṣé ó lè jíṣẹ́ fún mi lórí ọrùn-ọwọ́, láì gba etí mi lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀? Áàpù tó bá ń sọ̀rọ̀ ṣáá kò sàn ju fóònù inú àpò lọ, fóònù sì ní sípíkà tó lágbára jù ú lọ. Ohun tí aago fi ju fóònù lọ ni pé ara ló wà, ó sì lè lu ara.

Apple Watch ni mo máa sọ̀rọ̀ lé jù, torí òun ni irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù. Màá fọwọ́ kan Wear OS, ètò Google tó wà lórí aago àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, níwájú.

Láti 2015 tí Apple Watch àkọ́kọ́ ti jáde ni VoiceOver, tó ń ka ohun tó wà lójú aago síta, ti wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ máa wà jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ aago nínú páálí, ẹ tàn án, ẹ ní sùúrù kó tàn tán, kí ẹ wá tẹ Digital Crown lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Digital Crown ni kọ́bú róbótó tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Aago á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ ò sì nílò olójú kankan láti bá yín parí ìyókù. Bó bá jẹ́ aago tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni, ẹ ní kí Siri, olùrànlọ́wọ́ tó ń gba àṣẹ lẹ́nu yín, tan VoiceOver, tàbí kí ẹ lọ sínú áàpù Watch lórí iPhone, ẹ wọ Accessibility, lẹ́yìn náà VoiceOver. Níbẹ̀ kan náà, ẹ wo Accessibility Shortcut kí ẹ rí i pé VoiceOver ló wà lórí rẹ̀, kí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn lè máa tàn án, kó sì máa pa á nígbàkígbà.

Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ lò ó kò le. Ẹ fi ìka kan rìn lórí gíláàsì, á máa ka ohun tí ìka bá kàn. Ẹ gbá ìka náà sọ́tùn-ún láti bọ́ sórí èyí tó kàn, sósì láti padà sẹ́yìn, kí ẹ sì tẹ gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá láti ṣí ohun tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ìka méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ rántí ìyẹn dáadáa, torí ọjọ́ tí ẹ bá wà láàárín àwọn èèyàn tí aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà yín síta, òun lẹ máa wá. Bí ohùn rẹ̀ bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, ẹ tẹ ìka méjì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ má gbé ìka ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kúrò, ẹ wá fà wọ́n lọ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Nọ́mbà àṣírí ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sú èèyàn. Gíláàsì kéré, bọ́tìnì sún mọ́ra, ọwọ́ á sì máa ṣì tẹ̀. Nínú Settings, Passcode, ẹ tan Unlock With iPhone: tí aago bá ti wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá ti ṣí fóònù, aago náà á ṣí. Ẹ ṣọ́ra fún Erase Data tó wà níbẹ̀ o. Bí ó bá wà ní títàn, àṣìtẹ̀ mẹ́wàá á nu gbogbo ohun inú aago kúrò. Ẹ pa á títí ọwọ́ yín á fi mọ ibi tí nọ́mbà wà. Bó bá sì jẹ́ pé ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni ẹ ń sá fún, ẹ tan Screen Curtain nínú ètò VoiceOver. Ojú aago á ṣókùnkùn pátápátá, ọwọ́ yín á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Taptic Time ló wá kàn, òun gan-an ni mo rò pé ó tó ìdí láti ra aago yìí. Ẹ gbé ìka méjì lé ojú aago, ẹ fi síbẹ̀ díẹ̀, aago á sì fi lílù sọ iye tó lù sí awọ ara yín. Ẹni tó jókòó tì yín kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ ló ń tàn án tí kì í ṣiṣẹ́, wọ́n á ní aago ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Bí ètò Speak Time bá wà lórí pé kí aago máa sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, sísọ ló máa sọ, kò ní lù. Ẹ wọ Settings, Clock, Speak Time, ẹ yan Control With Silent Mode. Ìgbà náà ni kí ẹ tó lọ tan Taptic Time. Láti ìgbà yẹn, bí aago bá wà ní Silent Mode, ìyẹn bí ẹ bá pa ohùn rẹ̀, á lù. Bí kò bá sí níbẹ̀, á sọ̀rọ̀. Control Center, ojú-ewé àwọn bọ́tìnì kéékèèké inú aago, lẹ ti ń yí i padà, níbi àwòrán agogo.

Oríṣi mẹ́ta ni lílù náà, ẹ má kàn mú èyí tó bá kọ́kọ́ wá. Ẹ jẹ́ ká fi 7:48 wò wọ́n. Nínú Digits, lílù gígùn kan jẹ́ wákàtí mẹ́wàá, kúkúrú kan jẹ́ wákàtí kan. Ní ti ìṣẹ́jú, gígùn kan jẹ́ mẹ́wàá, kúkúrú kan jẹ́ ẹyọ kan. 7:48 á wá di kúkúrú méje, lẹ́yìn náà gígùn mẹ́rin àti kúkúrú mẹ́jọ. Lílù 19 nìyẹn. Bí ẹnì kan bá kí yín láàárín rẹ̀, iye ti dàrú, ẹ máa tún un kà ni. Terse kúrú: gígùn kan jẹ́ wákàtí márùn-ún, kúkúrú kan jẹ́ wákàtí kan, lẹ́yìn náà gígùn kan fún ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. 7:48 á jẹ́ gígùn kan, kúkúrú méjì, gígùn mẹ́ta. Lílù mẹ́fà péré, àmọ́ 7:45 ló sọ fún yín, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti bọ́ sílẹ̀. Morse Code ni ẹ̀kẹta, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń fi àmì kúkúrú àti gígùn kọ lẹ́tà àti nọ́mbà. Àmì márùn-ún ni nọ́mbà kọ̀ọ̀kan ní nínú Morse, kò sì sí méjì tó jọra. Nítorí náà, 7:48 jẹ́ àmì 15, iye rẹ̀ sì pé láì yọ ìṣẹ́jú kan. Kò gba pé kí èèyàn máa ka iye lílù, bí àmì náà ṣe dún lára ni èèyàn ń mọ̀. Nọ́mbà mẹ́wàá péré ló wà láti kọ́, 0 dé 9. Ìmọ̀ràn mi: ẹ fi Terse bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa kọ́ Morse díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi Digits sílẹ̀ fún ẹni tó ní àkókò.

Bí lílù náà kò bá hàn dáadáa, okùn aago ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Okùn tó dẹ̀ máa ń jẹ́ kí aago fò kúrò lára, lílù á wá dà bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé èèyàn. Ẹ fún un dé ibi tí kò ní máa yọ̀ káàkiri, àmọ́ tí kò ní há ọwọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí Sounds & Haptics, kí ẹ yan Prominent, tó máa ń fi lílù kan kún un ṣáájú kí èèyàn lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Maps ló tẹ̀ lé e. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún Siri, ẹ ní ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ rìn, kí ẹ sì gbé ọwọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ oríta, aago á lù. Lórí àwọn aago tó ń lo ètò àtijọ́, lílù 12 tó ń lọ geere ni ọ̀tún, méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta ni òsì. Nínú ètò tuntun, ohùn ìsàlẹ̀ tí ohùn òkè tẹ̀ lé ni ọ̀tún, òkè tí ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé ni òsì. Ẹni tó bá mọ ti àtijọ́ lórí tó wá ṣe àtúnṣe sófítíwíà lè yà sí ibi tí kò yẹ, nítorí náà ẹ fi ojú ọ̀nà tí ẹ mọ̀ dán an wò ná. Nígbà tí ẹ bá bọ́ sí apá ìkẹyìn ìrìn-àjò náà, á gbọ̀n; bí ẹ bá dé, á tún gbọ̀n. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Láàárín ilé gogoro, GPS lè fi ọ̀pọ̀ mítà ṣìnà, kò sì mọ̀ bóyá apá ìhín òpópónà lẹ wà tàbí apá ọ̀hún. Kò mọ kòtò. Ọ̀pá funfun ló mọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ló mú mi dé orí Hand Gestures, tó wà nínú ètò VoiceOver lórí àwọn aago tuntun. Ó ń jẹ́ kí ọwọ́ tí aago wà ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ ò nílò ọwọ́ kejì: àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá tó kanra lẹ́ẹ̀kan ń lọ síwájú, lẹ́ẹ̀mejì ń padà sẹ́yìn, dídi ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ń tẹ ohun tí ẹ wà lórí rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì ń mú àwọn àṣàyàn wá. Fún ẹni tí ọwọ́ kan rẹ̀ wà lórí ọ̀pá, nǹkan ńlá ni. Àmọ́ ẹ má ṣe so aago mọ́ ọwọ́ tó di ọ̀pá mú. Ìdí méjì ni: dídi ọ̀pá mú gírígírí jọ dídi ẹ̀ṣẹ́ lójú aago, á wá máa tẹ ohun tí ẹ ò ní kó tẹ̀, bí ọ̀pá bá sì ń kan ilẹ̀, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ á bo lílù aago mọ́lẹ̀.

Ẹni tó ṣì ń ríran díẹ̀ lè má nílò VoiceOver rárá. Zoom ni tirẹ̀: ìka méjì lẹ́ẹ̀mejì, ojú aago á tóbi; ẹ fi ìka méjì fà á kiri, tàbí kí ẹ yí Digital Crown kó máa gba ìlà dé ìlà. Àléébù rẹ̀ ni pé bí lẹ́tà bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló máa kún ojú aago, kí ẹ sì tó ka gbólóhùn tán iná ti kú. Ẹ wọ Display & Brightness, Wake Duration, kí ẹ sún un láti ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 70. Ẹ fi ojú aago tó ń jẹ́ X-Large sí i pẹ̀lú, nọ́mbà rẹ̀ gba gbogbo ojú. Bí ìyẹn ò bá tó, láti 2022 ni Apple Watch Mirroring ti wà, tó ń gbé ojú aago sórí iPhone.

Àwọn kékeré tó wúlò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ́tìnì tó ń pe fóònù nínú Control Center ń mú fóònù tó bọ́ sábẹ́ àga dún. Voice Memos, tó dé orí aago ní 2019, dára fún gbígba nọ́mbà tí ẹnì kan kà fún yín lójú ọ̀nà sílẹ̀. Compass ń ka ìhà tí ẹ kọjú sí, àmọ́ okùn aago tó ní mágnẹ́ẹ̀tì lè da á rú. Ẹ lo okùn tí kò ní mágnẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá fẹ́ gbọ́kàn lé e. Noise ni àwọn èèyàn fojú di jù, bẹ́ẹ̀ etí tí afọ́jú bá pàdánù, ojú ló tún pàdánù. Ó ń wọn ariwo àyíká, ó sì lè lù yín bó bá ti kọjá iye tí ẹ yàn, láti desibẹ́ẹ̀lì 80 dé 100. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ní desibẹ́ẹ̀lì 80 sí òdiwọ̀n tí etí lè gbà, nítorí náà 80 ni kí ẹ fi sí.

Ní ti áàpù tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, ẹ má gba ìpolówó gbọ́. Ẹ ṣí i, ẹ gbá ìka sọ́tùn-ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí VoiceOver bá ń sọ pé «button, button, button» láì sọ ohun tí bọ́tìnì ń ṣe, ẹni tó ṣe é kò rántí yín. Ẹ yọ ọ́ dànù, kí ẹ kọ̀wé sí i.

Lórí Wear OS, TalkBack, tó ń ka ojú aago síta bíi VoiceOver, ni ẹ máa wá nínú Accessibility. Ó ń ṣe ojúṣe rẹ̀, àmọ́ ẹ yẹ ohun méjì wò kí ẹ tó sanwó. Àkọ́kọ́, ṣé aago náà ní sípíkà? Òmíràn kò ní, ó sì di dandan kí ẹ fi earpiece Bluetooth gbọ́ ọ, ìyẹn sì ti dí etí yẹn náà. Ìkejì, irú fóònù wo lẹ ní? Galaxy Watch4 àti àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kì í bá iPhone ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Apple Watch kì í bá Android ṣe. Ẹni tó bá ka Bírélì tún lè wo Dot Watch, tí wọ́n ṣe ní South Korea. Àyè Bírélì mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀, pín-ìn-nì mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan 24 tó ń yọ tó ń wọlé, èèyàn á sì fi ìka ka wákàtí láì sí ohùn, láì sí lílù.

Ó ku bátìrì. Wákàtí 18 ni wọ́n ń kà fún ọ̀pọ̀ Apple Watch, nítorí náà alaalẹ́ ló ń gba iná. Mágnẹ́ẹ̀tì cháájà máa ń fa ẹ̀yìn aago mọ́ra fúnra rẹ̀, ìyẹn rọrùn. Àmọ́ ohùn tó fi ń sọ pé iná ti ń wọlé kì í dún bí aago bá wà ní Silent Mode, Silent Mode yìí kan náà sì ni Taptic Time nílò. Bí ẹ bá gbé e lé iná, ẹ dúró díẹ̀, ẹ ṣí Control Center, kí ẹ jẹ́ kí VoiceOver ka bátìrì. Bí kò bá sọ pé ó ń gba iná, ẹ gbé e kúrò kí ẹ tún un gbé.